Ìgbà Tí Ẹgbẹ́ Olórin Káyọ̀dé Ṣeré ní Agric

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ṣeré nílé oúnjẹ kékeré kan ní àdúgbò Agric kò lè kúrò lọ́kàn mi. Èmi àti ìyá wa àgbà, tí a ń pè ní Màmá, tó wá kí wa láti Ejìnrìn, jọ lọ wòran. Orin kejì ni wọ́n ń kọ tí jẹnẹrétọ̀ kú, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Omijé lé ròrò sójú Káyọ̀dé.

Ni Màmá bá bọ́ síwájú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n dá orin atukọ̀ tí wọ́n máa ń kọ ní Ejìnrìn.

"Káyọ̀dé, gbè é."

Ó gbè é. Àwọn tó ń jáde padà wọlé, ijó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iná dé, Káyọ̀dé ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ lọ jókòó."

Màmá gba máìkì. "Ìwọ ni kó o lọ jókòó."

Inú mi dùn púpọ̀. Káyọ̀dé nìkan ló fajú ro, torí Màmá ni gbogbo èèyàn ń béèrè.