Ọ̀sẹ̀ Tí Ọkọ Mi Ń Kí Mi Láti Ojú Fèrèsé

Wọ́n bí mi pẹ̀lú ihò nínú ọkàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n dí i. Mo dàgbà, mo kàwé, mo ríṣẹ́ sí báńkì, wọ́n gbé mi wá sí Benin, mo sì lọ́kọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ihò ti parí.

Dókítà tí mò ń lọ rí lọ́dọọdún kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mà, ṣùgbọ́n tí ọ̀fìnkìn líle bá dé, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.” Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbà á.

Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Uselu. Ní ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó pè mí lórí fóònù láti ẹnu géètì ilé wa ní Oregbeni.

“Mò ń wúkọ́, ara mi sì gbóná. Mi ò ní wọlé o.”

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé tó ń kó ọjà sí. Ibẹ̀ ló tẹ́ ẹní sí, láàárín páálí búréèkì àti táyà. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dáhùn.

“Má wọlé tọ Dádì o,” ni mo máa ń wí.

“I no go enter. I go drop am for door.”

Láràárọ̀, ọkọ mi á wá dúró lókèèrè níwájú fèrèsé mi, á fi aṣọ bo imú.

“Mọ́mì, ṣé o sùn dáadáa?”

“Mo sùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ibà náà ti lọ sílẹ̀?”

Á dá mi lóhùn, kò sì ní lọ. Á kàn dúró, á máa wò mí.

Ní ọjọ́ kẹrin, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. N kò sọ fún un, torí mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Nígbà tó fi di ọ̀sán, láti yàrá dé ilé ìdáná ti di ìrìn àjò. Ọkàn mi ń sáré, á dákẹ́ díẹ̀, á tún fò sókè. Mo fara ti ògiri. Ọmọ mi rí mi, ó figbe ta.

“Daddy! Mummy no fit breathe well!”

Ọkọ mi sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Mo rí i pé kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun má wọlé. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé mi.

Nínú mọ́tò, gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀. “Ṣé èmi ni mo kó o ràn ẹ́?” Ọkọ mi ló béèrè.

“Báńkì náà kún fún ikọ́,” ni mo wí. “Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò ní ọsibítù pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Dókítà kò bá mi wí. Ó kàn bi mí léèrè ìdí tí n kò fi gba abẹ́rẹ́ náà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè nípa ọkàn rẹ̀. Ní báńkì pàápàá, n kò sọ ọ̀rọ̀ ọkàn mi fún ọ̀gá mi rí, mo sì ń jókòó ti ẹni tó ń sín. Ìgbà tí mo padà síbi iṣẹ́ ni mo tó sọ fún un. Ọ̀gá náà di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Kí ló dé tí o fi ń dá a gbé?”

Ṣùgbọ́n kí n tó padà, ó rẹ̀ mí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti ya irun mi, èémí mi á gé. Ọkọ mi, tí kò di kóòmù obìnrin mú rí, ló jókòó sẹ́yìn mi ní pálọ̀, tó ń tú u díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ wa ń rẹ́rìn-ín. “Daddy, na so dem dey comb am?”

“Fi mí sílẹ̀ jàre,” ni ó wí, ó sì rọra fà á. Ó dùn mí díẹ̀. Mo tẹ orí sẹ́yìn fún un.