Àpò Bọ́tìnnì Tíṣà Ìṣirò

Èmi àti ìṣirò kì í ṣe ọ̀rẹ́ rí. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá sí ilé-ìwé yìí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè, ẹ̀gbẹ́ kíláàsì Tíṣà Bọ́tìnnì ni wọ́n fi tèmi sí, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì pààlà wa. Ohun tó bá ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún ni mò ń gbọ́ níhìn-ín, mo fẹ́ o, mo kọ̀ o. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í gbé àpò bọ́tìnnì wọ kíláàsì. Télọ̀ ni ìyá tó bí i, àpò aṣọ yẹn sì ni ogún tó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣeéṣe, ìṣirò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti èyí tó lè má ṣẹlẹ̀, ló fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn. Á da bọ́tìnnì pupa àti funfun sínú àpò, á ní kí ọmọ kan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, á sì bi gbogbo kíláàsì pé àwọ̀ wo ló máa jáde. Ariwo á sọ. Èmi á gbá pátákó gbà, gbà, gbà, òun á sì rọra bẹ̀ mí láti òdìkejì. Obìnrin tí kì í bínú ni, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú.

Bí a bá jókòó pọ̀ lásìkò ìsinmi, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òjò gbọ́dọ̀ rọ̀ lónìí nítorí ó ti pẹ́ tó ti rọ̀, á béèrè ẹni tó sọ fún un pé òjò ń ka ọjọ́. Nígbà tí ọ̀gá wa ń fi ọmọ kan ṣoṣo tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò yangàn, Tíṣà ló béèrè pé àwọn tó kù ńkọ́. Ọ̀gá fajú ro títí a fi ṣíwọ́.

Tíṣà ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà, wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan náà. Ọmọ mẹ́rin ló bí, obìnrin ni gbogbo wọn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí i lára kó tó lajú. Dókítà pe tọkọtaya náà jókòó, ó ní kí ó parí síbẹ̀. Ó ní lójú tòun, bí obìnrin mẹ́wàá bá tún lóyún ní irú ipò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan má padà wálé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe ń fẹsẹ̀ rìn báyìí, bàbá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ku ẹyọ kan. Ìyàwó kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wà ní pálọ̀ Tíṣà nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní àwọn ti fẹ́ gbìyànjú ọkùnrin, pé lọ́tẹ̀ yìí kò lè yẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi," ó ní. "Bí pupa bá ti ń jáde, funfun ló ń kù sínú àpò. Obìnrin mẹ́rin ti jáde. Kí ló tún kù níbẹ̀ bí kò ṣe ọkùnrin?"

Òótọ́ ni pé Tíṣà kọ́ ọ. Nígbà tó wà nílé-ìwé, tí ìṣirò ń fojú rẹ̀ rí màbo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń mú bọ́tìnnì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sórí tábìlì. Nínú gbogbo ìṣirò ayé, ìyẹn nìkan ló mú jáde nílé-ìwé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú Tíṣà, mo gbé ẹ̀rín mì.

Tíṣà gbé àpò náà wá. Ó ṣàlàyé fún un pé ìgbà yẹn, bọ́tìnnì tó bá jáde kì í padà sínú àpò mọ́. Ti ọmọ bíbí kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kan bá jáde, irú rẹ̀ ti padà síbẹ̀, pupa àti funfun tún di ọgbọọgba. Àpò kì í rántí èyí tó ti jáde. Ó ní kó mú un wò, kó sì máa dá a padà. Àbúrò rẹ̀ mú pupa, ó tún mú pupa, ó mú funfun, ó tún mú pupa. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ìlàjì ni," ó ní. "Ìlàjì náà kò kéré."

Kò purọ́. Mo rò pé ìṣirò Tíṣà ti parí nìyẹn, àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tíṣà da ohun tó wà nínú àpò náà sórí tábìlì. Ó ka funfun mẹ́sàn-án padà sínú rẹ̀, ó wá dúdú kan tó bá wọn dọ́gba, ó fi sí i. Ó bi í pé kí ni dókítà sọ. Àbúrò rẹ̀ ní ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni.

"Bí o bá mú funfun, ìyàwó rẹ padà wálé," Tíṣà ní. "Bí o bá mú dúdú, ìwọ nìkan lo máa padà wá bá àwọn ọmọ. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Àbúrò rẹ̀ ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣáà pọ̀.

"Ó pọ̀ gan-an. Mú un."

Bọ́tìnnì lásán ni, gbogbo wa la mọ̀. Níta, a ń gbọ́ tí ìyàwó ń pe èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ pé kó kúrò nídìí omi ọṣẹ. Káfíńtà na ọwọ́, ó gbé e dé ẹnu àpò. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó dìde, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn.

Láti ojú fèrèsé, a rí i tó gba aṣọ tútù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń bá a sá a. Ìyàwó bi í pé kí ló dé.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Ọmọ wa ti pé."

Ìyàwó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ẹ̀rù ṣe ti ń bà á tó.