Irin Roboto tó Wà Lójúbọ Ògún

Ní ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí mo padà sílé láti wá iṣẹ́, etí bàbá àgbà mi ti ń di. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan wá láti orí àjà, irú àtijọ́ tí téèpù rẹ̀ máa ń yí láti ara róólù kan bọ́ sí èkejì. Ohùn ìyàwó wọn, ìyá àgbà tó kú kí wọ́n tó bí mi, wà lórí téèpù náà.

“Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí etí yìí tó di pátápátá,” ni wọ́n wí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè Fíà. Ó tú u. Iná ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n róólù kò yí. Ó fi ihò kékeré kan hàn mí, àti rọ́bà kan tó ti gbó tó kàn rọ̀ dirodiro.

“Nǹkan kan ló ń jókòó síbí tẹ́lẹ̀. Kí ni nǹkan náà? Mi ò ní purọ́ fún ọ, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Mo fẹ́ràn èsì yẹn. Mo wá ìṣó kan tó ba ihò náà mu gẹ́lẹ́, mo fi í sápò láti máa fi wọn ohun tó sọnù.

Bàbá àgbà rántí pé àwọn tú ẹ̀rọ náà nígbà kan, àwọn sá àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, irin roboto kan sì sọnù níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e. Mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò jí irin kan ṣoṣo tí yóò fi idẹ tó wà lára àwọn ẹ̀yà yòókù sílẹ̀? Nínú ilé wa, ẹnì kan péré ló máa ń ṣa irin tí kò lólúwa: àbúrò bàbá àgbà, tó ń bọ Ògún. Ohun tí wọ́n bá ṣà, ojúbọ Ògún wọn ni wọ́n ń gbé e lọ. Mùsùlùmí ni bàbá àgbà. Wọn kì í yà síbẹ̀.

Èmi yà síbẹ̀, láàárín ọkọ́ àti ṣéènì ni mo ti rí irin roboto kan, ó ń dán fún epo pupa.

“Ẹsẹ̀ roboto tó ń yí lára ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn,” ni àbúrò bàbá àgbà wí. “Èmi mọ irin.”

“Ihò ló máa ń wà láàárín tẹ̀rọ ìránṣọ, bàbá. Ọ̀pá ló wà láàárín eléyìí.” Mo gbé ìṣó mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà. Wọn ò ju ara wọn lọ. Ojú ibi tí rọ́bà ti ń yí sì wà létí irin náà.

“Alákọ̀wé! O wá fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu Ògún? Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í kí i, ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n rán ọmọ.”

Àfìgbà tí bàbá àgbà yọ lẹ́yìn mi, tàwọn ti sípánà ńlá tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè.

“Irin nìyí. Gbà á dípò rẹ̀.”

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Sípánà tí ẹ ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn?”

“Gbà á kí n tó yí ọkàn padà.”

Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín. Mo fi kẹrosíìnì fọ irin náà. Kò dípẹtà rárá. Mo rò pé epo tí wọ́n ń dà sí i lọ́dọọdún níbi ìbọ Ògún ló pa á mọ́.

Èmi àti bàbá àgbà jọ lọ sí Òkè Fíà, irin náà sì wọ ihò wọ́ọ́rọ́. Rọ́bà tuntun gbá a mú, róólù yí. Ariwo ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan, ó falẹ̀ díẹ̀. Mò ń tẹ́tí kí n lè mọ ohun tó ń wí, nígbà tí bàbá àgbà, tí ọwọ́ wọn ṣì wà létí, lu orí tábìlì.

“Uṣu! Ó ní uṣu òun ń jóná, kí n pa ẹ̀rọ! Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, títí tó fi kú, kò pe iṣu bíi tiwa rí!”

Èmi tí etí mi dá ṣáká kò tíì mọ ohun tí obìnrin náà wí. Wọ́n sún àga mọ́ ẹ̀rọ.

“Dá téèpù padà sẹ́yìn,” ni wọ́n wí. “Mo gbọ́ ọ.”