Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Marietta

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta. Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, bàbá mi ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ti de bẹ́líìtì, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Mo ní, "Bàbá, ẹ mu tíì díẹ̀." Ó ní, "Ohun tí mò ń lọ ṣe kì í ṣe ohun tí à ń jẹun lọ ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ ṣe. Bàbá mi ní bàbá àgbà kan tí kò fojú rí. Èédú ni ọkùnrin náà ń kó sínú iná ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé lẹ́tà láàárín Èkó àti Ìlú Ọba. Nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, ní 1917, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì yìnbọn fún wọn, ọkọ̀ sì rì. Kò sí òkú. Kò sí irun tàbí èékánná tí wọ́n lè gbé wálé sin, bí àwa ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu: "Ọjọ́ tí ẹ bá rí àwọn ará ọkọ̀ abẹ́ omi yẹn, ẹ bá mi bi wọ́n pé níbo ni wọ́n gbé bàbá mi sí."

Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí wọn ní Èkó? Àfi ìgbà tí Bàbá wá kí wa ní Atlanta, tí èmi aláròyé la ẹnu nídìí oúnjẹ. Mo ní Miss Hilda, ìyá arúgbó ará Jámánì tí mò ń tọ́jú ní Marietta lódìkejì ìlú, gbé fọ́tò ọkọ̀ abẹ́ omi kọ́ ògiri, pé bàbá bàbá wọn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, mú mi lọ."

Inú Miss Hilda dùn nígbà tí mo ní bàbá mi fẹ́ wá kí wọn. N kò sọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé Bàbá á lọ da ọ̀rọ̀ tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lé wọn lórí.

Ọ̀nà márosẹ̀ 75 la gbà. Kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà àti omi tútù. Bàbá ní, "Ọ̀nà fẹ̀ tó báyìí, ẹ ò wá rí nǹkan tà lórí rẹ̀?" Nígbà tí a dé Downtown, àárín gbùngbùn Atlanta, gbogbo ilé gogoro ibẹ̀ ló tanná sílẹ̀ láìsí ènìyàn nínú wọn. Ó bi mí pé ta ló ń san owó iná. Mo dúró ra kọfí, dọ́là mẹ́ta. Ó bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó pòṣé, kò fẹnu kàn án.

Oòrùn ti yọ nígbà tí a dé apartment Miss Hilda. Wọ́n fara ti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa fúnra wọn. Wọ́n ti yan kéèkì kan tó ní èso lórí, Kuchen ni wọ́n ń pè é. Bàbá wo kéèkì náà, ó gbójú kúrò. A kì í bá ọ̀tá jẹun.

Ó jókòó. Ó ní, "Bi í pé níbo ni wọ́n gbé bàbá wa sí."

Mo yíjú sí Miss Hilda. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Bàbá mi ní ilé yín dára púpọ̀."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Bọ́sẹ̀! Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Yéè! Mo gbàgbé pé èbúté Apapa ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ fún ará Jámánì ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, arúgbó ni wọ́n." Ó ní, "Èmi ńkọ́, ọmọdé ni mí?"

Ló bá kọjú sí wọn fúnra rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè náà.

Miss Hilda ní kí n bá àwọn gbé fọ́tò náà wálẹ̀. U-9 ni orúkọ ọkọ̀ náà. U yẹn, lédè wọn, ọkọ̀ abẹ́ omi ló dúró fún. Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ni, kẹrosíìnì ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń mu, èéfín rẹ̀ sì máa ń tú àṣírí rẹ̀ fún ọ̀tá nígbà tó bá léfòó. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ní 1914, ó ri ọkọ̀ ogun mẹ́ta àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí èyí tó kù bá dúró láti yọ èèyàn lómi, U-9 á tún yìnbọn fún un. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú. Ọba Jámánì fi àmì ẹ̀yẹ dá gbogbo àwọn inú ọkọ̀ náà lọ́lá. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fi yangàn," ni Miss Hilda wí. "Ìgbà tí mo bímọ ni mo tó ronú kan ìyá àwọn tó kú."

Bàbá ní, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Wọ́n ní ó tún ri àwọn ọkọ̀ kéékèèké, títí di 1916, tí wọ́n dá a padà kí àwọn ọmọ ogun tuntun máa fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bàbá tiwa rì ní 1917, U-9 ti kúrò lójú ogun. Mo mí kanlẹ̀. Kì í ṣe òun!

Ṣùgbọ́n Miss Hilda kò tíì parí. "Ọkọ̀ yẹn parí ogun láyọ̀," ni wọ́n wí. "Bàbá bàbá mi kò parí rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn, ọkọ̀ náà jáde, kò padà mọ́. Ìyá bàbá mi bi gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó lè fi ibì kan hàn án."

Bàbá mi wo fọ́tò náà títí. Ó ṣí fìlà. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní, "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ó wá ní kí n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ẹni tó wo ẹbí rẹ̀ yíká tí kò rí ẹnì kan níbẹ̀ mọ́. Miss Hilda di ọwọ́ Bàbá mú, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, n kò ní purọ́. Bàbá fi ọwọ́ kejì bu kéèkì, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà ló yẹ kí ọmọ máa fi oyin sí. Èmi tí mo rò pé mò ń dáàbò bo àwọn méjèèjì, ẹkún tó yẹ kí wọ́n jọ sun ni mo fẹ́ dí mọ́ wọn lọ́nà.

A dé Riverdale lọ́sàn-án. Kó tó bọ́ bàtà, Bàbá ní kí n pe Bàbá Láyí, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Èkó. Ohùn Bàbá Láyí dún lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn. Mo jíṣẹ́ tí Bàbá rán wa."

"Kí ni wọ́n wí?"

Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n ní àwọn náà ṣì ń wá tiwọn."