Fíìmù Tí Mo Kùn Ní Kútẹ́ẹ̀sì

Nígbà tí mo kéré débi pé mo lè gba abẹ́ tábìlì kọjá láì tẹrí ba, kò sí ohun kan nílé wa ní Aramọkọ tí kò ní àmì pupa lára. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú rẹ̀. Ìyá mi jẹ́ olùkọ́, wọ́n sì wà lára àwọn tó máa ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ lọ síbi ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé abọ́ kì í mọ ọ̀nà ilé. Ẹ gbé mẹ́fà lọ, ẹ gbé márùn-ún bọ̀, méjì nínú márùn-ún náà á tún jẹ́ ti ìyá ìjọ. Nítorí náà, kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn obìnrin mìíràn fi ń kun èékánná, ìdí abọ́ ni ìyá mi ń fi tiwọn kùn. Àmì pupa mẹ́ta, tó-tó-tó. Èmi ni akọ̀wé tó ń fi í síbẹ̀, torí pé ìka mi kéré, mo sì fẹ́ràn òórùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Yèyé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èjí Yèyé fẹ̀ débi pé wọ́n lè jókòó lórí àpótí kí wọ́n tu omi gba àárín rẹ̀ lu adìẹ tó bá ń yọ́ bọ̀ níbi àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo fọ́tò wọn, ẹ ò ní mọ̀. Ayé ìgbà tiwọn, bí ènìyàn bá dúró níwájú kámẹ́rà, ńṣe ló máa ń pa ẹnu dé pìmọ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wò.

Ní ọdún kan, lẹ́tà dé láti ìlú òyìnbó. Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ ọ́. Ọ̀hún ni wọ́n bí i sí, kò tíì mọ ilé rí. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fi eyín òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi òun pé ta ló gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Bàbá òun ní eyín ìyá àgbà ni, ṣùgbọ́n òun ò rí i nínú fọ́tò kankan. Nígbà ìsinmi, òun á lọ bá dókítà kó fi wáyà fà á pọ̀.

Yèyé ní kí ìyá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Èjí ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Èjí tí bàbá yín tìtorí ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìpotì?" Wọ́n nu ẹnu wọn. "Ẹ ya ẹnu mi, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Kí ẹ sì yára, torí pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti ń palẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ni. Eyín ọwọ́ òsì ti ń mì bí ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Bí ó bá sì já, kí ni ó kù? Eyín kan kò lè dá èjí ní.

Ìyá mi bá ránṣẹ́ pe àbúrò wọn, Bùọ̀dá Dayọ̀, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Adó. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ bí ẹ bá ní kí wọ́n bá yín pọn omi, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀. Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, pẹ̀lú kámẹ́rà tuntun. Èyí àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí nọ́ńbà rẹ̀ kó lè mọ irú fíìmù tó wà nínú rẹ̀. Èyí tuntun, wọ́n ní ó ń ka fíìmù fúnra rẹ̀.

Wọ́n yọ agolo fíìmù jáde, ó kéré bí àtàǹpàkò. Àmì onígun mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi pátákó díráàfù, òmíràn dúdú, òmíràn ń dán.

"Fíìmù dà bí igi ìdáná," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan gbẹ, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó o. Ọ̀kan tutù, àfi kí ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Àmì wọ̀nyí ló ń sọ fún kámẹ́rà irú èyí tó wà nínú rẹ̀. Gbígbẹ ni mo rà, kó lè tètè yà á, torí pé Yèyé kì í lè dúró jẹ́ẹ́."

"Ṣé ó ń ríran nínú òkùnkùn ibẹ̀ ni?" ni ìyá mi bi wọ́n.

"Kò ríran, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fọwọ́ kàn án ni. Ìka irin kéékèèké wà nínú ihò yìí. Ibi tó ń dán, iná bátìrì á gbà á kọjá. Ibi tó ní ọ̀dà, kò ní kọjá. Bí ó ṣe ń mọ̀ nìyẹn."

"Bí ẹni tó ń ra ọsàn," ni Yèyé wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìyá mi kó gbogbo ohun tó ń lọ sí ìkórè jọ, wọ́n fún mi ní kútẹ́ẹ̀sì. "Gbogbo ohun tó bá wà lórí tábìlì yẹn, fi àmì sí i. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó ku ẹyọ kan."

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí. Mo kun abọ́, mo kun ṣíbí, mo kun kúlà àti ìgbakọ. Mo dé ọ̀dọ̀ agolo fíìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí àmì dúdú, pupa kò hàn dáadáa níbẹ̀. Mo bá sún sórí àwọn tó ń dán. Tó-tó-tó. Ó wù mí, mo sì kùn wọ́n kún títí kan etí.

Bùọ̀dá Dayọ̀ rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí wọ́n ń ki fíìmù náà bọ kámẹ́rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Ó dáa. Kò ní sọnù." Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló wí bẹ́ẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ẹ rántí i, torí pé àwọn fúnra wọn ò rántí i mọ́ nígbà tó yá.

A kúrò ní ìkórè, Yèyé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ la ẹnu díẹ̀ sí i, Yèyé."

"Bí mo bá là á ju báyìí lọ, ẹ̀ ẹ́ rí uṣu tí mo jẹ láàárọ̀."

A rẹ́rìn-ín, Yèyé náà rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà ń kọ mọ̀nà. Bùọ̀dá Dayọ̀ gbé fíìmù lọ sí Adó láti fọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Yèyé ti tú ara sílẹ̀. Ẹnu wọn ti wà lọ́nà ìlú òyìnbó, kí ni wọ́n tún ń tọ́jú? Wọ́n jẹ obì, wọ́n fa eegun, wọ́n jẹ àgbàdo sísun. Nígbà tí Sátidé fi máa pé, eyín náà kò tíì já, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó dì í mú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bùọ̀dá Dayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ojú wọn dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Wọ́n tú fọ́tò sórí tábìlì. Funfun ni gbogbo wọn. Yèyé dà bí ìkùukùu tó wé gèlè. Ẹ ò lè rí eyín, ká má tíì sọ èjí.

"Ẹni tó bá mi fọ̀ ọ́ dá agolo rẹ̀ padà fún mi," ni wọ́n wí. "Ó ní, 'Ọ̀gá, ta ló kun èékánná fún fíìmù yín?'"

Ìyá mi wo àmì pupa mẹ́ta náà. Wọ́n wò mí.

"Mọ́mì, ẹ ní gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì."

"Bíbélì náà wà lórí tábìlì."

"Mo fi àmì sí i, mà."

Bùọ̀dá Dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, bí ẹni pé a bi wọ́n. Kútẹ́ẹ̀sì ti bo irin tó ń dán. Ìka kámẹ́rà wá iná títí, kò rí i. Ó rò pé igi tútù ló wà nínú òun, ó wá ń da ìmọ́lẹ̀ sórí igi gbígbẹ. Ó jó ráúráú. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí àlàyé náà tó parí.

"Yèyé dà?" ni ìyá mi bi mí.

"Wọ́n wà lẹ́yìn kíṣìnnì, mà. Wọ́n ń so òwú mọ́ eyín."

Mi ò rí kí ìyá mi sáré bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀ láìgbàṣẹ, mo tẹ̀ lé wọn. Yèyé jókòó lórí àpótí, òwú dúdú so mọ́ eyín wọn, wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ wé ìka, ó ti le gán-ín.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á."

"Kí ló dé? Ẹ ti yà á tán."

"Kò jáde, Yèyé."

Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wo Bùọ̀dá Dayọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tú òwú kúrò ní ìka. Ìyá mi mú sáàsì wá láti gé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kàn án, eyín á fì.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Yèyé wí, wọn ò jẹ́ kí ètè kan ètè. "Ẹ yà á bẹ́ẹ̀."

Bùọ̀dá Dayọ̀ ní fíìmù tuntun lápò. Wọ́n kọ́kọ́ lé mi dé ìdí igi máńgòrò kí wọ́n tó tú u. Nínú oòrùn, níwájú ilé, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹrin, Yèyé ń la ẹnu, wọn ò mí. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, Yèyé fúnra wọn ló fa òwú. Ó yọ wẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n jù ú sórí òrùlé bí a ṣe ń ju ti ọmọdé. "Ta ló mọ̀," ni wọ́n wí, "bóyá òmíràn á hù."

Fọ́tò náà jáde. Èjí hàn kedere, òwú dúdú sì rọ̀ láti ibẹ̀ dé àgbọ̀n. A fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì dé, Bísí ní òun ti gbé e lọ sí kíláàsì. Wọ́n bi òun ní ohun tí okùn náà wà fún, òun sì sọ fún wọn pé ní ìlú bàbá òun, wọ́n máa ń so èjí mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jí i. Ó ní òun ò lọ bá dókítà mọ́.

Lóde òní, kò sí agolo, kò sí pé à ń dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi fi fóònù yà mí, ó ya ogún kí n tó rántí láti jókòó dáadáa. Mo wo fọ́tò náà, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Èjí mi, tí mo jogún lọ́dọ̀ Yèyé, kò sí níbẹ̀.

"Mọ́mì, fóònù ló bá yín tún eyín ṣe. Fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Kámẹ́rà ìgbà tiwa, bí ó bá ṣì yín rí, àfi kí ọmọdé kan ti kọ́kọ́ dà á láàmú. Èyí, ó ríran kedere, ó rí èjí, ó sì dí i.

"Dá a padà fún mi," ni mo wí.

Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn, èjí mi là. Mo ní kó yára fi ránṣẹ́ sí Bísí kí ó tó tún padé.