Ọta Àparò fún Àgbọ̀nrín

Láàárọ̀ Sátidé, nígbà ọyẹ́, bàbá mi a gbé àtẹ tí ìyá wa fi ń fẹ́ ẹ̀wà jáde sí ojúde, a sì to katiríjì ìbọn rẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹni ń sá ata. Òórùn wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí n tó lajú: òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, òórùn páálí tó ti fa ọ̀rinrin, àti ti òróró tó fi ń nu ìbọn. Ó ní bí ìrì inú igbó bá wọ̀ wọ́n lára, wọn kì í dún dáadáa mọ́. Èmi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí mo ṣe wà yìí, tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ, n kò jẹ́ jókòó ti irú àtẹ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà náà, èmi gan-an ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo ń lé adìyẹ kúrò níbẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akáǹrán. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọdẹ sì ni pẹ̀lú, àwọn ará abúlé kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Bàbá Ọdẹ ni wọ́n ń pè é. Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun kankan ṣeré. Ìdílé ìyá mi, ní tiwọn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Mọ́níyà. Bí Sátidé bá ti pé, a gun alùpùpù rẹ̀ wá bá bàbá mi ṣọdẹ. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ agbo ilé.

Oríṣi ọta mẹ́ta ló máa ń wà lórí àtẹ náà. Ọta wẹ́wẹ́, tó kéré ju hóró ọkà bàbà lọ, ni ti àparò àti awó. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó tó hóró iyèré, ni ti ọ̀yà àti ehoro. Ọta ńlá sì wà, tó tó hóró ẹ̀wà, tí kì í pọ̀ nínú katiríjì kan. Mo lè fi etí nìkan mọ̀ wọ́n. Bí mo bá mi katiríjì, ti àparò a dún ṣì-ṣì-ṣì bí iyanrìn inú agolo. Ti ọ̀yà a dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ọta ńlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: kò, kò, bí àgbàlagbà tó ń jẹ obì.

Gbogbo ọdẹ agbègbè wa ló gbà pé ọta ńlá ló tọ́ sí àgbọ̀nrín. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọta ọ̀yà ló ń kì sí ìbọn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àgbọ̀nrín ló ń dẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọta ńlá máa ń pa ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran tó bá sì kú kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, òkúǹbete ni lójú bàbá mi, kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ìyá wa. Àwọn ààfáà kan ní bí èèyàn bá ti ṣe Bísímílà kó tó yìnbọn, ó ti tó. Bàbá mi ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó tó fún àwọn tó tó fún, òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun dú u. Nítorí náà, a máa fi pẹ̀lẹ́ sún mọ́ ẹran, a máa rá kòrò nínú koríko títí yóò fi kù díẹ̀ kí wọ́n gbọ́ èémí ara wọn, kó tó wá yin ọta ọ̀yà sí i. Ẹran náà a ṣubú, èémí a sì kù sí i nímú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ tó bá ń ṣa ọta lórí àtẹ: "Kì í ṣe bí ẹran ṣe tóbi tó nìkan là ń wò ká tó kì ìbọn. À ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran, à ń wo ohun tó wà lórí iná." A sì tún fi kún un pé ọta tó ti kúrò lẹ́nu ìbọn kò létí mọ́, a kò lè pè é padà.

Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀bẹ. Bàbá mi gbà pé ẹni tó gbé ìbọn kì í sáré. Bó bá ti yìn ín tán, a dúró sójú kan, a ṣí ìbọn, a yọ ọta tó bá kù nínú rẹ̀, kó tó gbẹ́sẹ̀. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, èémí ẹran lè ti tán. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń mú mi dání, torí kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó tèmi nínú ilé wa. Bí ìbọn bá ti dún, mo ti nasẹ̀ nìyẹn, tèmi tọ̀bẹ, láti wá ibi tí ẹran ṣubú sí nínú koríko, kí n sì pariwo pé, "Ó wà níbí o!" kí bàbá mi lè wá gba ọ̀bẹ, kó dú u.

Ọta ńlá ni Bọ̀ọ̀dá Gbádé fẹ́ràn ní tirẹ̀. Ẹran tó bá yìnbọn sí kì í mira. Bí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé ó ti kú, n óò mi orí, Bọ̀ọ̀dá a sì bú sẹ́rìn-ín. A ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Eléyìí ti di ọmọ ìjọ wa. A ti ṣe ìrìbọmi fún un." Bọ̀ọ̀dá a gbé gbogbo ẹran náà sẹ́yìn alùpùpù, ó di Mọ́níyà. Àwa a jẹ ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀fọ́ yẹn kì í dùn mí púpọ̀, títí di ọdún tí mo parí Kùránì nílé kéwú. Wòlímà mi ku ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá mi ti ṣèlérí níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi pé ẹran àgbọ̀nrín ni a óò fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Mo ti fi yangàn kiri. Mo ti sọ fún ọmọbìnrin kan, tí wọ́n pa ewúrẹ́ fún nígbà tirẹ̀, pé ewúrẹ́ kì í ṣe ẹran, ohun ọ̀sìn lásán ni. Bí àgbọ̀nrín náà bá wá lọ di ọmọ ìjọ, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ilé kéwú?

Àgbọ̀nrín kan ti ń wá jẹ ilá ìyá mi ní àkùrọ̀, ní etí odò. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá mi pe Bọ̀ọ̀dá Gbádé sídìí àtẹ. Ó gba gbogbo ọta ńlá ọwọ́ rẹ̀, ó kó wọn fún ìyá mi, ó sì fi katiríjì mìíràn lé e lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá mì í létí. Ṣì-ṣì-ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n fi èyí ṣe? Ọta àparò fún àgbọ̀nrín? Ṣé kí n máa yún un lára ni?"

"Yún un lára," ni bàbá mi dáhùn. "Bó bá yà sọ́dọ̀ rẹ, yún un lára kó padà sọ́dọ̀ mi. Ẹran ọmọ mi ni tòní. N kò fẹ́ kó di ọmọ ìjọ yín."

"Ẹran náà á kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, àna mi. Ẹran tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì wà láàyè nìyẹn."

Ìyá mi yọrí láti ilé ìdáná. "Gbádé, gba ohun tí wọ́n fún ọ, àbí kí o wá bá mi lọ ata."

Ó gbà á. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún mi lábẹ́ ohùn pé bí àwọn ọmọ kíláàsì òun bá gbọ́ pé òun lọ dẹ àgbọ̀nrín pẹ̀lú ọta àparò, òun á kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi tó ti gbó ni mo wọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí nǹkan ṣe rí: yunifọ́ọ̀mù tó bá ti ya lábíyá ló ń di aṣọ oko. Tiwa pupa rúsúrúsú bí ewé tó gbẹ. Kò sẹ́ni tó ronú pé àwọ̀ àgbọ̀nrín ni mo gbé wọra, bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ méjì ló wà níbẹ̀.

Bàbá mi àti èmi ba sí apá kan àkùrọ̀, Bọ̀ọ̀dá ba sí ìkejì, lókèèrè, lẹ́yìn ìdí ọ̀pẹ kan. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ẹran náà jáde pẹ̀lẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń fi etí wá wa. Bàbá mi rá títí, mo ń rá tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ "Bísímílà" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ni ìbọn dún. Ẹran náà fò sókè, ó ṣubú. Mo nasẹ̀.

Mo rí i. Ó ń mí! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé láti pariwo. Mo kọjá lára rẹ̀ kí n lè lọ síbi orí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, gbogbo ohun tí Bọ̀ọ̀dá Gbádé rí láti ìdí ọ̀pẹ ni ohun pupa rúsúrúsú kan tó ń gbéra nílẹ̀ nínú koríko. Ó rò pé ẹran náà ti fẹ́ sá lọ mọ́ wòlímà mi lọ́wọ́. Ó yìn ín.

Ó dà bíi pé èèyàn bu iyanrìn gbígbóná dà sí mi léjìká. Mo jókòó lójijì. N kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sunkún. Mo ń wá ẹni tó lù mí. Ọ̀bẹ ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀nrín náà. Bàbá mi dé pẹ̀lú eré tí n kò mọ̀ pé ó lè sá. Ẹran náà wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, kò ju kó bẹ̀rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ bàbá mi, n kò rí i kó kọjá lára ẹran tó ṣì ń mí rí. Ó fò ó kọjá bí ẹni fo kùkùté.

Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà lórí alùpùpù lọ sí Akáǹrán. Bọ̀ọ̀dá ń gùn ún, ó ń sunkún, ó ń tẹ fèrè fún ewúrẹ́, fún igi, fún ohunkóhun tó bá ṣáà wà lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn tẹjú mọ́ èjìká mi.

"Ta ló ta ọmọ yìí bí àparò?"

"Èmi ni, sístà," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́ pé n kò ta á bí àgbọ̀nrín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọta náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ kékeré kan. Wọn kò jìn, abẹ́ awọ ni wọ́n dúró sí. Ó ní, "Ká ní ọta ńlá ni..."

"Ẹ má parí rẹ̀, sístà," ni bàbá mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí rẹ̀." Mo ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́ sínú abọ́, mo sì mọ ohùn wọn.

Nígbà tí a padà délé, àwọn ará abúlé ti lọ gbé ẹran náà. Ó ti kú. Wọ́n fà á lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó mi orí. "A ti yọ eléyìí lẹ́gbẹ́ ní ìjọ wa," ló sọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìsọdá odò ló jẹ ẹ́. Adìyẹ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ wòlímà mi. Ọmọ eléwúrẹ́ yẹn jẹ tirẹ̀ tán, ó lá ọwọ́, ó sì bi mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní àgbọ̀nrín nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá Gbádé jókòó níwájú pátá tòun ti agbádá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń ṣe "Àmín" síbi tí kò yẹ. Ó fún mi ní ìborùn yẹ́lò kan tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi ọwọ́ bo ojú. Láti ìgbà náà, kò sí Kérésìmesì tí kò fi yẹ́lò ránṣẹ́ sí mi. Ó ti darúgbó báyìí, síbẹ̀ ó ṣì rán ọ̀kan wá ní Kérésìmesì tó kọjá.

Ọta méjì ṣì wà ní apá mi tí nọ́ọ̀sì kò rí. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á tutù lábẹ́ awọ, wọ́n á máa yún mi. Ẹ̀rù ohun púpọ̀ ló ń bà mí. Bí àwọn ọmọdé bá ju bàǹgà ní Disẹ́ńbà, abẹ́ tábìlì ni mo ń lọ. Mo máa ń wúkọ́ kí n tó wọ ilé ìdáná ara mi, kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé èèyàn ló ń bọ̀. N kò jẹ́ ra aṣọ pupa rúsúrúsú, mo sì ti ra ìborùn yẹ́lò fún gbogbo àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mọ́mì, ta ló fẹ́ dẹ wá ní Mọ́níyà tí à ń gbé yìí?" Ọmọ tó sáré wọnú koríko yẹn kò bẹ̀rù ohunkóhun, nítorí ẹlòmíràn ló ń bá a ṣa ọta. Báyìí, èmi ni mo jókòó sídìí àtẹ fún àwọn ọmọ tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ti ṣú kí àkọ́bí mi tó dé, ó sì ti pa fóònù rẹ̀. Kó tó wọlé, mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu, èyí tó tóbi bí hóró ẹ̀wà, tí yóò wọ̀ ọ́ lára títí ayé. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó dúró, ó ń wo ojú mi. Mo fọwọ́ kan apá mi, mo tẹ àwọn ọta méjì yẹn wò.

"Ìborùn yẹ́lò rẹ dà?" ni mo bi í. "Wá jẹun."