Lẹ́tà tí Ìyá Ọkọ Mi Bá nínú Ìkòkò Èlùbọ́

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn ìfẹ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, ilé mùsùlùmí tí kì í fi ẹ̀sìn ṣeré ni mo sì wà. Ọkọ mi ń hun aṣọ òfì lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé, ìyá rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wa. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láàárọ̀, ohun tí ọmọkùnrin kan máa bá ọmọbìnrin kan sọ lábẹ́ igi máńgòrò ni mò ń rò lọ́sàn-án.

Inú ọkọ̀ Ṣakí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣakí ni àwọn òbí mi ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń lọ kí wọn. Awakọ̀ kan wà ní gáréèjì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àfi nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ kún, á ní òun ò tíì ṣe tán. Àwọn èrò á máa kùn, òun á máa nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, títí nọ́ọ̀sì náà á fi dé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kò wá. Awakọ̀ yìí dúró títí oòrùn fi mú gbogbo wa, ó wá wọlé, ó tan ọkọ̀, ó sì fi àyè iwájú sílẹ̀ lófìfo. Títí a fi dé Àgọ́-Àrẹ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé, mo wá ìwé ìkọ̀wé kan tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀.

Mo kọ ọ́ fún bí ọdún kan. Bí mo bá ti iléèwé dé, tí a jẹun tán, tí àwọn ọmọ sì ti lọ sí ilé kéwú, màá jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, màá gbé ìwé lé orúnkún. Ẹni tó bá yọjú á rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mò ń máàkì. Nígbà tí ìwé náà di mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú ìkòkò èlùbọ́ ńlá kan tó wà ní igun. Ìgbà òjò ni, kò sẹ́ni tó ń sá iṣu, ìkòkò náà sì ṣófo. N kò ronú pé ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi lọ da èlùbọ́ tuntun sínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìwé. Kò mọ̀wé kà. Ó pe àkọ́bí mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì kẹrin, ó ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ojú ewé tí ọmọ náà ṣí, lẹ́tà tí awakọ̀ inú ìtàn mi kọ sí nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀: "Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ ní gáréèjì, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé rẹ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ mi, ṣùgbọ́n àyè iwájú ọkọ̀ mi, ìwọ nìkan ni mo fi í sílẹ̀ fún."

Ìyá ní kí ọmọ pa ìwé dé. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, bí mo bá kí i, "hẹ̀n" lásán ló fi ń dá mi lóhùn. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Mo tilẹ̀ po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ó gbà á, ó mu ún, kò sì wo ojú mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ mi pè mí sí ìdí òfì. Kò dá iṣẹ́ dúró.

"Ìyá ní kí n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan," ó ní. "Ta ni awakọ̀ tó ń kọ lẹ́tà sí ọ?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Mo lọ kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.

"Ẹ wò ó," mo ní, "ṣé ẹ ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni? Èmi ni mo kọ lẹ́tà ọkùnrin, èmi náà ni mo kọ èsì obìnrin. Ìtàn ni."

Ó wá fi òfì sílẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn. Ó kà á títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan."

"Ọdún kan," ó ní. "Inú ilé kan náà la wà, o ò sì sọ fún mi."

Ohun tó dùn ún nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé ìyá òun ni kí n lọ bẹ̀.

Ìyá kò gbà bọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ ìtàn ni lóòótọ́, á ní ìbẹ̀rẹ̀. Kó wá kà á fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ń bó ẹ̀gúsí, èmi ń kàwé. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara wọn, mo fò ó, mo bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

"Ìyàwó," ó ní, "o ti fo ibì kan. Ọmọ méje ni mo bí. Kà á."

Mo kà á. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó ní kí n fi àmì sí ibi tí a dé, pé ó di Jímọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti gbà pé ìtàn ni.

Ní Jímọ̀ kẹrin, a dé ibi tí bàbá nọ́ọ̀sì ti fi í fún ọkùnrin mìíràn. Mo ti kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà ṣubú sórí ibùsùn, ó sì sunkún fún ojú ewé méjì gbáko. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Irọ́ nìyẹn."

"Kí ni irọ́ níbẹ̀, Ìyá?"

"Ẹkún yẹn. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ bá dùn dé egungun kì í ké báyẹn lójú ará ilé. Ilẹ̀ ni á máa gbá."

Kò wo ojú mi, àwo ẹ̀gúsí ló ń wò. Ó ní kí wọ́n tó fi òun fún bàbá ọkọ mi, ọmọkùnrin kan wà tó máa ń kó ata gbígbẹ wá sọ́jà láti ìlú kan tó dárúkọ fún mi. Ó ní bàbá òun kò fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún òun, òun mú ìgbálẹ̀, òun gbá àgbàlá, òun tún un gbá, òun gbá ojú ọ̀nà títí dé ìdí odò.

"Mo gbá ilẹ̀ títí ìgbálẹ̀ fi tán lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ìyá mi ń wò mí. Ó lọ bá mi mú ìgbálẹ̀ mìíràn wá."

"Bàbá ńkọ́?" mo bi í nípa bàbá ọkọ mi.

"Bàbá wọn ṣe dáadáa sí mi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀."

Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ sínú ìwé. "Kọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n má dárúkọ ìlú náà." N kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Mo fa ojú ewé méjì ẹkún yẹn ya. Ìdajì ojú ewé péré ni mo fi kọ ti ilẹ̀ gbígbá. Títí di òní, ibẹ̀ ni àwọn tó ka ìwé náà máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ sí Ìbàdàn nígbà tó ń kó aṣọ lọ tà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ilé ìtẹ̀wé kan fèsì pé àwọn máa tẹ̀ ẹ́, bí mo bá lè kọ orí mẹ́fà mọ́ ọn kí iléèwé tó wọlé padà. Inú mi dùn débi pé mo ti kọ lẹ́tà pé mo gbà kí n tó rò ó.

Gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn, ìwé ni mo kọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àkọ́bí mi ló ń dáná, òun ló ń wẹ àbúrò rẹ̀ kékeré. Ọkọ mi ń jẹ ohun tó bá rí, kò ráhùn. Mo rò pé nǹkan ń lọ dáadáa. Orí mẹ́ta ló kù nígbà tí iléèwé wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi ìwé àkọ́bí mi sí iwájú mi. "N kò tíì máàkì rẹ̀," ó ní. "Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ rí i." Àròkọ ni, "Ìyá Mi" sì ni orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Tíṣà ni ìyá mi. Ó máa ń kọ ìwé. Ó wà nílé ṣùgbọ́n kò sí nílé. Bí a bá pè é, á ní 'hẹn,' ṣùgbọ́n kò gbọ́. Eyín mi kan yọ, ìyá àgbà ni ó mọ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì padà sí kíláàsì mi. N kò rántí ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, àkọ́bí mi ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kó ya ẹnu. Àlàfo wà lọ́wọ́ òsì lóòótọ́, eyín tuntun sì ti ń hù níbẹ̀.

"Ìgbà wo ni eyín ibí yìí yọ?"

"Ó ti pẹ́, Màámi."

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn díẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n fi omi iyọ̀ fọ ẹnu."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín," ó ní. "Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣan èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ̀wé sí Ìbàdàn pé n kò lè parí rẹ̀ lásìkò tí wọ́n dá, kí wọ́n má retí rẹ̀ láìpẹ́. Ọkọ mi ka lẹ́tà náà kí n tó fi ránṣẹ́.

"Bí wọn ò bá gbà á mọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé wọn ò gbà á nìyẹn."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé ó ti sún òfì kan tí kò lò mọ́ sẹ́yìn lábẹ́ àtíbàbà, ó sì gbé tábìlì kékeré kan síbẹ̀ fún mi. A jọ fi í ṣe òfin pé àsìkò tí àwọn ọmọ bá wà ní ilé kéwú ni tèmi. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Alásárì, màá pa ìwé dé, ibi yòówù kí n dé. Nígbà mìíràn àárín gbólóhùn ni. Nígbà mìíràn, gbólóhùn náà á ti lọ kí n tó padà lọ́jọ́ kejì, n kò sì ní rí i mọ́. Mo bínú sí òfin yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo tún rí i pé àwọn ahunṣọ tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ń sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn, ti àfẹ́sọ́nà wọn, ti àwọn tí wọ́n fẹ́ fẹ́ tí kò ṣeé ṣe, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ tó fún mi láti fi kọ ìwé méjì.

Ilé ìtẹ̀wé dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n wá kọ̀wé pé kí n mú un wá nígbà tó bá parí. Àkọ́bí mi ti wọ iléèwé girama kí ìwé náà tó jáde. Ìyá gba ẹ̀dà kan, ó fi gèlè wé e, ó sì gbé e sínú àpótí rẹ̀.

Ìwé kejì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Mo ti wà ní ìdajì ẹ̀kẹta nígbà tí ẹsẹ̀ Ìyá kò lè gbé e mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń bọ́ ọ. Mo gbé tábìlì kúrò lábẹ́ àtíbàbà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì ń gbé omi àti oògùn rẹ̀ lé e. Kò fẹ́ kí n kàwé fún òun mọ́, ó ní ìwé ti pọ̀ jù lójú òun. Ó fẹ́ kí n kàn sọ ìtàn, kí òun lè bi mí ní ìbéèrè. Mo ń ṣẹ̀dá wọn bí mo ṣe ń lọ, òun ń yí wọn padà. Ó ń lé ọkùnrin tí kò fẹ́ràn kúrò nínú ìtàn, ó sì ń fún àwọn opó ní ọkọ tuntun. Ìtàn márùn-ún ni a ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí Ìyá kú.

N kò kọ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó láti kọ wọ́n. Mo rántí àwọn ènìyàn inú wọn, mo rántí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí, ṣùgbọ́n ohùn tí a fi sọ wọ́n kò wá. Mo gbìyànjú fún bí oṣù méjì, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé tábìlì padà sí ìdí òfì, mo sì parí ìwé kẹta.